Irin Inú Ẹ̀jẹ̀ àti Owó Oògùn Tí A Fẹ́ Ná

Ọ̀rọ̀ tí ìgbìmọ̀ ìlera ẹgbẹ́ sọ níwájú àwọn aṣojú ní ìpàdé gbogbogbòò



Ẹ ó rántí pé ní ìpàdé tí ó kọjá, àwọn ìyá kan dìde, wọ́n ní kí ṣọ́ọ̀bù ẹgbẹ́ ra oògùn ẹ̀jẹ̀ lọ́pọ̀ yanturu, kí a pín in fún ilé kọ̀ọ̀kan, kí a sì máa yọ owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lára àjẹṣẹ́kù. Wọ́n ní ojú àwọn ọmọ ń funfun. Wọ́n ní àwọn fúnra wọn kò lè ru igbá ẹrù kan dé ọjà mọ́ kí àyà wọn má máa lù kìkì. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó pàtẹ́wọ́ fún wọn. Kí a tó tú àpò, ẹ ní kí àwa ìgbìmọ̀ lọ wádìí ọ̀rọ̀ náà. A ti lọ, a ti bọ̀. A bá àwọn nọ́ọ̀sì àti àwọn olùkọ́ sáyẹ́ǹsì jókòó, a sì ka ìwé. Ohun tí a rí kò bá ohun tí a rò tẹ́lẹ̀ mu, ó sì yẹ kí a sọ fún yín láìfi pamọ́ pé àwa náà wà lára àwọn tí ó pàtẹ́wọ́ lọ́jọ́ náà.

Ẹ jẹ́ kí a ti inú ẹ̀jẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Irin ni ó mú kí ẹ̀jẹ̀ pupa. Kì í ṣe irin tí ó ń rìn káàkiri ní òun nìkan. Ara kì í gba irú rẹ̀ láyè, a ó sì sọ ìdí rẹ̀ láìpẹ́. Òrùka kan ni ara máa ń ṣe, tí yóò fi irin sí àárín rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí alágbẹ̀dẹ wúrà ti í fi òkúta olówó iyebíye sí àárín òrùka. Òrùka yìí pẹ̀lú irin inú rẹ̀ ni àwọn onímọ̀ ń pè ní hímù. Hans Fischer, ará Jámánì, ni ó tò ó pọ̀ nínú ilé ìwádìí rẹ̀ ní 1929, wọ́n sì fún un ní ẹ̀bùn Nobel ní 1930. Hímù mẹ́rin ni ó wà nínú ẹyọ himoglóbìn kan, himoglóbìn tí ó tó 270 mílíọ̀nù ni ó sì kún inú sẹ́ẹ̀lì pupa kan ṣoṣo. Nígbà tí ẹ̀jẹ̀ bá dé ẹ̀dọ̀fóró, irin àárín òrùka yóò di ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ mú. Nígbà tí ó bá dé ẹsẹ̀ ẹni tí ó ń gun òkè, yóò jù ú sílẹ̀ fún un. Ẹni tí hímù rẹ̀ kò bá tó, ọ́síjìn kò ní tó o, ìdí nìyẹn tí ó fi ń mí hẹlẹhẹlẹ lórí iṣẹ́ tí kò tó iṣẹ́.

Kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ nìkan ni hímù ń ṣiṣẹ́ fún. Ó wà nínú ẹran ara. Òun ni ó mú ẹran màlúù pọ́n bẹ́ẹ̀. Ó wà nínú ẹ̀rọ kéékèèké tí sẹ́ẹ̀lì fi ń sọ oúnjẹ di agbára. Ó wà nínú ẹ̀dọ̀, níbi tí ó ti ń bá wa tú oògùn àti májèlé ká. Nítorí náà, sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan tí ó nílò rẹ̀ ni ó ń ṣe é fúnra rẹ̀. Ìgbésẹ̀ mẹ́jọ ni iṣẹ́ náà gbà, ìgbà tí ó bá di ìkẹjọ ni irin ń wọ àárín òrùka. Ìṣirò wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Nínú ẹ̀dọ̀, bí hímù bá ti tó, hímù fúnra rẹ̀ ni ó ń dá òṣìṣẹ́ àkọ́kọ́ dúró pé kí ó má ṣe òmíràn mọ́. Nínú sẹ́ẹ̀lì pupa tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dàgbà, bí irin kò bá tó láti fi ṣe hímù, sẹ́ẹ̀lì náà kò ní dáwọ́ lé ìyókù himoglóbìn rárá. Kò sí ẹni tí ó ń ra páànù sí ilé tí kò tí ì mọ ògiri rẹ̀. Nípa bẹ́ẹ̀, sẹ́ẹ̀lì tí irin kò tó fún máa ń kéré, ó sì máa ń ràn, ẹni tí ó bá wo ẹ̀jẹ̀ lábẹ́ maikirosíkóòpù á sì rí i.

Ẹ̀yin tí ẹ ń tún bátìrì ọkọ̀ ṣe, ọ̀rọ̀ kan kàn yín níbí. Òjé inú bátìrì máa ń ba ìgbésẹ̀ yìí jẹ́ ní ojú méjì, ọ̀kan nínú rẹ̀ sì ni ìgbésẹ̀ ìkẹyìn tí irin ń wọ òrùka. Irin lè wà nínú ara kí ó má rí òrùka wọ̀. Ní 2010, ní ìpínlẹ̀ Zamfara, òjé tí ó wà nínú òkúta tí wọ́n ń fọ́ láti wá wúrà pa ọmọdé tí ó lé ní 400. Ọpọlọ ni ó kọ́kọ́ ń bà jẹ́ fún wọn, ṣùgbọ́n kò yọ ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀. Kò sí ìgò oògùn ẹ̀jẹ̀ tí ó lè tún ìyẹn ṣe nígbà tí baba ọmọ bá ń gbé ẹ̀wù iṣẹ́ tí òjé ti kún wọlé. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ máa bọ́ ẹ̀wù náà sí ṣọ́ọ̀bù.

Ní báyìí, a dé ibi tí ọ̀rọ̀ ti jọ ti ẹgbẹ́ wa. Gbogbo irin tí ó wà nínú ara àgbàlagbà kan kò ju gíráàmù mẹ́ta sí mẹ́rin lọ. Ìṣó kan péré lè wọn bẹ́ẹ̀. Bí a bá pín in sí ọ̀nà mẹ́ta, nǹkan bí ìdá méjì rẹ̀ wà nínú ẹ̀jẹ̀. Lójoojúmọ́, ara ń fi mílígíráàmù 20 sí 25 ṣe ẹ̀jẹ̀ tuntun, nítorí pé sẹ́ẹ̀lì pupa tí ó tó mílíọ̀nù méjì ni ó ń jáde láti inú mùdùnmúdùn egungun ní ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo. Èló ni ẹ rò pé ó ń wọlé láti inú oúnjẹ? Mílígíráàmù kan sí méjì ni. Nígbà tí nọ́ọ̀sì tí ó ń kọ́ wa dárúkọ iye yìí, akápò wa ní kí ó tún un sọ.

Níbo ni ìyókù ti ń wá? Láti inú owó àtijọ́ ni. Sẹ́ẹ̀lì pupa kan kì í pẹ́ ju nǹkan bí 120 ọjọ́ lọ. Bí ó bá ti gbó, àwọn sẹ́ẹ̀lì kan tí a lè pè ní agbálẹ̀ yóò gbé e mì. Inú ẹ̀dọ̀ ni wọ́n wà, àti nínú ẹ̀yà ara kékeré kan tí ó fara pamọ́ sábẹ́ egungun ìhà òsì. Wọn á fọ́ ọ túútúú, wọn á yọ hímù rẹ̀, wọn á gba ẹnu ọ̀nà kan gbé e jáde kúrò nínú àpò tí wọ́n fi dá a, lẹ́yìn náà wọn á já òrùka náà. Ní 1968 ni Raimo Tenhunen àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà fi hàn bí a ṣe ń já a. Ohun mẹ́ta ni ó máa ń jáde: irin, èéfín díẹ̀ irú èyí tí ó ń jáde lẹ́nu jẹnẹrétọ̀ (ṣùgbọ́n ó kéré púpọ̀, kò lè pa ẹnikẹ́ni), àti ohun aláwọ̀ ewé kan tí ó máa ń di pupa rúsúrúsú láìpẹ́. Irin yóò padà sínú mùdùnmúdùn láti lọ wọ òrùka tuntun. Ohun rúsúrúsú yóò bá òróòro lọ sínú ìfun, òun ni ó ń fún ìgbẹ́ wa ní àwọ̀ rẹ̀.

Bí ohun rúsúrúsú náà bá pọ̀ ju èyí tí ẹ̀dọ̀ lè kó jáde lọ, ojú á yí padà. Èyí ni à ń rí nínú ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀. Ọmọ tuntun náà a máa ní i, torí pé òrùka púpọ̀ ni ó ń já lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ̀dọ̀ rẹ̀ kò sì tí ì gbó. Ẹ̀yin ìyá, ẹ gbọ́ èyí dáadáa. Àwọn ọmọ kan wà ní ilẹ̀ wa tí sẹ́ẹ̀lì pupa wọn ò lè fara da káńfọ̀ tí a ń kó sáàárín aṣọ. Bí a bá fi aṣọ bẹ́ẹ̀ wé wọn, ẹ̀jẹ̀ wọn á máa fọ́, ojú wọn á pọ́n rúsúrúsú, ó sì lè mú ọpọlọ wọn. Ẹ kó káńfọ̀ kúrò nínú àpótí aṣọ ọmọ. Bí ojú ọmọ tuntun bá sì ti yí padà, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ lọ́jọ́ náà gan-an, kì í ṣe ìta fún oòrùn àárọ̀ nìkan.

Ẹ padà sọ́dọ̀ irin. Ìdí tí ara kì í fi í jẹ́ kí irin rìn ní òun nìkan ni pé irin tí kò ní ìdè máa ń jó nǹkan. Ẹ ti rí bí àdá ṣe ń dípẹtà nígbà òjò. Irú ìjà bẹ́ẹ̀ tí irin ń bá ọ́síjìn jà, bí ó bá ṣẹlẹ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì, yóò jẹ ògiri rẹ̀. Hímù tí ó bọ́ lọ́wọ́ himoglóbìn náà burú bákan náà. Nítorí èyí, ọkọ̀ wà tí ó ń kó irin rìn nínú ẹ̀jẹ̀, àká sì wà tí sẹ́ẹ̀lì ń kó o sí, orúkọ àká náà ni fẹ́rítìn. Sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan a máa ka iye tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí irin bá dínkù, yóò ṣí ẹnu ọ̀nà sí i fún ọkọ̀, yóò sì dá kíkọ́ àká dúró. Bí ó bá pọ̀, yóò ti ẹnu ọ̀nà, yóò kọ́ àká sí i. Bí a bá lè ṣe ìwé owó ẹgbẹ́ báyìí, aṣírí ì bá má bò wá ní ìgbà kan bí kò ṣe nígbà gbogbo.

Èyí tí ó wá láti inú oúnjẹ ńkọ́? Ọ̀nà méjì ni ó ń gbà wọlé. Irin inú ẹran àti ẹja, púpọ̀ nínú rẹ̀ ṣì wà nínú òrùka rẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì ìfun máa ń gbà á tòun ti òrùka, inú sẹ́ẹ̀lì náà ni wọn yóò ti já a. Ní 2005, àwọn onímọ̀ kan kéde pé àwọn ti rí ẹnu ọ̀nà tí hímù ń gbà wọ ìfun. Ní 2006, àwọn mìíràn fi hàn pé fítámì kan tí ń jẹ́ folate ni ẹnu ọ̀nà náà wà fún ní pàtàkì. Bẹ́ẹ̀ ni ìmọ̀ ti ń rìn, ẹ má ṣe jẹ́ kí ó yà yín lẹ́nu. Ohun tí ó dájú ni pé nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin irin inú òrùka ni ìfun ń gbà. Irin inú ẹ̀fọ́, ẹ̀wà àti ọkà kò ní òrùka, ìdá kan nínú mẹ́wàá rẹ̀ kì í sábà wọlé tó bẹ́ẹ̀. Tíì, kọfí àti obì tí a bá jẹ tẹ̀lé oúnjẹ a tún máa dì í mú kí ó má wọlé. Ọsàn àti ata tútù a máa ràn án lọ́wọ́, ẹja díẹ̀ nínú ẹ̀wà a sì máa ran irin inú ẹ̀wà fúnra rẹ̀ lọ́wọ́. Rírẹ tí àwọn ìyá wa ń rẹ ògì títí yóò fi kan náà ní èrè, nítorí pé kíkan yẹn ń tú ohun tí ó so irin mọ́ àgbàdo.

A kò lè ṣàìsọ ti mọ́ọ̀tì tí a pò mọ́ mílíìkì. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó ń gbé e lọ fún aláìsàn pé ó ń fúnni ní ẹ̀jẹ̀. Mọ́ọ̀tì dúdú, ẹ̀jẹ̀ pupa, mílíìkì funfun, bí wọ́n ṣe di ọ̀kan kò yé wa. Irin inú mílíìkì kéré, èròjà tí ó ń kọ́ egungun tí ó wà nínú rẹ̀ sì tún máa ń dí irin lọ́nà. Ó dùn, ó ń fún aláìsàn lókun díẹ̀, kí a fi í sí ibẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tí ó yí wa lọ́kàn padà ni èyí tí ó kàn. Irin tí ó wọ sẹ́ẹ̀lì ìfun kò tí ì wọ ara. Ó gbọ́dọ̀ gba ilẹ̀kùn ẹ̀yìn jáde sínú ẹ̀jẹ̀. Irú ilẹ̀kùn kan náà ni àwọn sẹ́ẹ̀lì agbálẹ̀ fi ń dá irin àtijọ́ padà. Ní 2000 ni a mọ ilẹ̀kùn yìí. Ní àkókò kan náà, ní 2000 àti 2001, ni a mọ ẹni tí ó ń ṣọ́ ọ: èròjà kékeré kan tí ẹ̀dọ̀ ń ṣe, tí à ń pè ní hẹ́písídìn. Bí irin bá ti kún àká, ẹ̀dọ̀ yóò rán hẹ́písídìn jáde. Ó máa lẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn, sẹ́ẹ̀lì á sì gbé ilẹ̀kùn fúnra rẹ̀ mì. Irin tí ó wà nínú sẹ́ẹ̀lì ìfun kò rí ọ̀nà jáde mọ́. Sẹ́ẹ̀lì ìfun kì í ju ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún lọ láyé. Bí ó bá kú, ìgbẹ́ ni yóò bá lọ, òun àti irin rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti lo oògùn ẹ̀jẹ̀ rí, ẹ rántí bí ìgbẹ́ ti ń dúdú. Irin tí ẹ fi owó rà ni, tí kò wọlé.

Kì í ṣe ìgbà tí àká bá kún nìkan ni ẹ̀dọ̀ ń rán hẹ́písídìn. Bí àìsàn bá wọlé, tí ara ń gbóná, ó máa ń rán an jáde lọ́pọ̀ pẹ̀lú. Ìdí rẹ̀ ni pé kòkòrò àrùn náà nílò irin láti fi bí sí i. Ara wá tilẹ̀kùn àká nígbà tí olè wà nínú ilé. Ẹni tí ó ń ṣàìsàn lọ títí lè ní irin nínú àká rẹ̀ kí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ má sì tó. Bí a bá bu oògùn irin fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, ẹnu ọ̀nà wà ní títì.

Ibà ni ó pọ̀ jù nínú irú àìsàn bẹ́ẹ̀ níhìn-ín. Inú sẹ́ẹ̀lì pupa ni kòkòrò ibà ń gbé, himoglóbìn ni oúnjẹ rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò lè jẹ hímù, kò sì lè já òrùka rẹ̀ bí agbálẹ̀ ti ń já a. Hímù tí ó ṣẹ́kù lẹ́yìn oúnjẹ jẹ́ májèlé fún un. Ohun tí ó ń ṣe ni pé ó ń tò ó jọ di òkúta dúdú wínníwínní, kí ó má bàa pa á. Kuníìnì àti chloroquine tí àwọn àgbà ibí yìí lò láti kékeré, iṣẹ́ wọn ni láti dí títò yẹn lọ́wọ́, kí oúnjẹ kòkòrò náà lè pa á. Kòkòrò náà kọ́ bí ó ṣe ń gbé chloroquine jù síta, ìdí nìyẹn tí Nàìjíríà fi yí oògùn ibà padà ní 2005 sí oògùn alápapọ̀ tí ó ní artemisinin nínú. Tu Youyou, obìnrin ará Ṣáínà, ni ó gba ẹ̀bùn Nobel lórí artemisinin ní 2015. Òun náà, hímù ni ó ń tan iná rẹ̀: irin tí kòkòrò tú sílẹ̀ nígbà tí ó ń jẹun ni ó ń sọ oògùn náà di iná tí yóò jó o.

Nígbà tí kòkòrò bá pọ̀ tó, sẹ́ẹ̀lì pupa yóò bẹ́. Ojú ọmọ á funfun. Ìyá rẹ̀ á ní ẹ̀jẹ̀ ti tán lára ọmọ yìí, ẹ ra oògùn ẹ̀jẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀jẹ̀ ti dínkù, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú irin rẹ̀ kò jáde kúrò nínú ara. Àwọn agbálẹ̀ ti kó o sí àká, hẹ́písídìn sì ti ti ilẹ̀kùn.

Ní Pemba, erékùṣù kan ní Tànsáníà tí ibà pọ̀ sí gan-an, wọ́n ń fún àwọn ọmọ kéékèèké ní irin pẹ̀lú folic acid lójoojúmọ́, láìyẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò tẹ́lẹ̀. Èrò rere ni, irú èyí tí àwa náà ní. Wọ́n ní láti dá a dúró kí àkókò rẹ̀ tó pé. Ìròyìn tí ó jáde ní 2006 fi hàn pé ikú àti àìsàn tí ó gbé ni dé ilé ìwòsàn fi ìdá 12 nínú 100 pọ̀ láàárín àwọn ọmọ tí ó ń lo irin ju láàárín àwọn tí kò lò ó lọ. Ṣùgbọ́n láàárín àwọn díẹ̀ tí a yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò, tí irin ṣe aláìtó fún ní tòótọ́, tí a sì ń tètè tọ́jú ibà wọn, oògùn náà ṣe àǹfààní. Nítorí ìdí èyí ni Àjọ Ìlera Àgbáyé fi sọ ní 2016 pé níbi tí ibà bá wà, a kò gbọdọ̀ máa fún ọmọdé ní irin láìsí ètò láti dènà ibà, láti yẹ̀ ẹ́ wò àti láti tọ́jú rẹ̀.

Nígbà tí a ka èyí tán, ẹnu wa wọhò. Irú ohun tí wọ́n ṣe ní Pemba gan-an ni a pàtẹ́wọ́ fún: kí a ra á, kí a pín in, ilé kọ̀ọ̀kan, ọmọ kọ̀ọ̀kan.

Àwọn ọmọ tí ó ní àrùn fòníkú-fọ̀la-dìde tún wà láàárín wa. Sẹ́ẹ̀lì pupa tiwọn kì í ju ọjọ́ 10 sí 20 lọ kí ó tó fọ́. Bí ẹ̀jẹ̀ wọn bá lọ sílẹ̀, dókítà lè fa ẹ̀jẹ̀ sí wọn lára. Ìgò ẹ̀jẹ̀ kan gbé irin mílígíráàmù 200 sí 250 wọlé. Ara ènìyàn kò sì ní ọ̀nà kankan tí ó fi ń mọ̀ọ́mọ̀ lé irin jáde. Gbogbo àkóso rẹ̀, ẹnu ọ̀nà àbáwọlé ni ó wà. Irin tí ó bá ti wọlé báyìí á máa kó jọ sínú ẹ̀dọ̀ àti ọkàn títí yóò fi bà wọ́n jẹ́. Bí a bá wá gbé ìgò oògùn ẹ̀jẹ̀ lé e láìbi dókítà, a ń gbé igi lé iná ni.

Ṣé a ń sọ pé oògùn ẹ̀jẹ̀ kò dára ni? Rárá o. Aláboyún kan nílò irin bíi gíráàmù kan odidi lórí oyún kan, fún ọmọ, fún ibi ọmọ, àti fún ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀ tí ó ń pọ̀ sí i. Oúnjẹ nìkan kì í sábà tó o. Mílígíráàmù 30 sí 60 lóòjọ́ pẹ̀lú folic acid ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí ó lò. Aláboyún tí wọ́n bá fún ní oògùn yìí ní ilé ìwòsàn, kí ó lò ó tán, kí ó má ṣe tìtorí pé ìgbẹ́ rẹ̀ dúdú kó o sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Obìnrin tí ó ń ṣe nǹkan oṣù ń pàdánù irin ju ọkùnrin lọ, òun náà lè nílò rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí ọ̀kan nínú wa, tí ó ní kí a sọ ọ́ láìdárúkọ òun. Odidi ọdún kan ni ó fi ń ra oògùn ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tí ó ń kiri nínú bọ́ọ̀sì. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á gòkè díẹ̀, á tún wálẹ̀. Ó yá owó lọ́wọ́ ẹgbẹ́ lẹ́ẹ̀mejì láti fi rà á, a sì buwọ́ lù ú fún un láìbi í ní ìbéèrè. Ìgbà tí ó dákú ní ìsọ̀ ni wọ́n tó gbé e lọ. Ìju ni ó wà ní inú rẹ̀, nǹkan oṣù rẹ̀ sì ń pọ̀ kọjá ààlà, ṣùgbọ́n ojú ń tì í láti sọ. Ara rẹ̀ ń ná ju ohun tí ó ń wọlé lọ, àwa sì ń bá a bu omi sínú agbè tí ó jò. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un. Ó wà níjòókòó láàárín wa lónìí, ara rẹ̀ sì ti yá. Aràn ìfun tí ó máa ń mu ẹ̀jẹ̀, tí ó ń gba àtẹ́lẹsẹ̀ wọlé ní oko, irú agbè bẹ́ẹ̀ ni òun náà ń lu.

Nítorí náà, ohun tí ìgbìmọ̀ mú wá nìyí. A kò fara mọ́ ọn pé kí ẹgbẹ́ fi owó àjẹṣẹ́kù ra oògùn ẹ̀jẹ̀ pín. Ẹnì kan nínú ìgbìmọ̀ kò gbà pẹ̀lú wa. Ó ní èrè wà nínú títa oògùn náà ní ṣọ́ọ̀bù, bí a kò bá sì tà á, ẹlòmíràn á tà á. Òótọ́ ni ó sọ, a sì ṣèlérí pé a ó sọ èrò rẹ̀ níwájú yín. Àwa ìyókù ń fẹ́ kí a ya owó náà sí ọ̀nà mẹ́ta. Kí ṣọ́ọ̀bù ra nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn, kí a máa tà á ní iye tí a rà á. Kí a dá ẹ̀yáwó kékeré kan sílẹ̀ tí kò ní èlé, fún ọmọ ẹgbẹ́ tí ó bá fẹ́ lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ tàbí ti ọmọ rẹ̀ wò, kí ó lè mọ̀ bóyá irin ni kò tó ni, tàbí ibà, tàbí aràn, tàbí ibi tí ń jò. Kí a sì bẹ àwọn nọ́ọ̀sì ìjọba ìbílẹ̀ kí wọ́n wá sí ìpàdé obìnrin ní ẹ̀ẹ̀kan ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta, nítorí pé ọ̀rọ̀ nǹkan oṣù kì í ṣe ohun tí àwọn ìyá wa yóò wá sọ níwájú alága.

Ìwé ètò ẹ̀yáwó náà wà lọ́wọ́ akọ̀wé. Àwọn tí ó dá àbá oògùn sílẹ̀ ní ìpàdé tí ó kọjá ni kí a kọ́kọ́ gbọ́ lẹ́nu wọn kí a tó dìbò.